Kọ̀ǹpútà tó yadi lẹ́yìn tí wọ́n gbé Linux rẹ̀ ga

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà mi ń gbé wá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé Linux wọn, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, láti ẹ̀dà kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀ràn ohùn ló pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà á tàn, fáìlì ò ní sọnù, gbogbo nǹkan á mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fídíò sí i, ẹnu ẹni inú rẹ̀ á kàn máa mì ni. Tí wọ́n bá lọ wo ibi ètò ohùn, "Dummy Output" ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ò rí ẹ̀rọ ohùn kankan lò, ló bá fi ayédèrú dí àlàfo rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí dátà rẹ̀ kì í tán. Èmi ò fara mọ́ ọn, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó kà á.

Èyí tó yé mi yékéyéké jù nínú wọn ni ti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Bódìjà níbí nílùú Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ni Màmá ń kọ́ ní èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Sátidé. Debian 11, ọ̀kan nínú àwọn irú Linux, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù wọn, ẹ̀rọ Intel ìran kọkànlá ló sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ àbúrò wọn tó wà ní yunifásítì ló bá wọn gbé e ga sí Debian 12. Nígbà tó parí, ó tún ilé ṣe: ó pàṣẹ `sudo apt purge '~o'`, èyí tó ń yọ gbogbo páákéèjì tí apt, ètò tí Debian fi ń gbé àwọn ètò mìíràn wọlé, ò bá rí orísun rẹ̀ mọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ohùn ti lọ.

Ọmọ náà ò káwọ́ lẹ́rán. Ó wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì rí ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń rí níbẹ̀: kọ ìlà kan báyìí, `options snd-intel-dspcfg dsp_driver=1`, sínú fáìlì kan ní `/etc/modprobe.d/`, kí o sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ó ṣe é, sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Màmá súre fún un dáadáa. Nígbà tó di Sátidé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Màmá ń gbọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ò gbọ́ Màmá.

"Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó, ọmọ mi. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ, wọ́n ṣáà ń sọ pé mo ti pa maìkì mi."

Kí n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Mà, ẹ yọ ti ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ló tún ti dáwọ́ dúró látìgbà tí wọ́n ti bá yín ṣe é?"

"Kò sí o. Àfi Wi-Fi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu. Ọmọ ti bá mi fi okùn so ó mọ́ fóònù."

Ó kéré lójú Màmá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn wà. Ohùn àti Wi-Fi ò bára wọn tan rárá. Káàdì tiwọn yàtọ̀, dráífà wọn, ìyẹn ètò tó ń bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, yàtọ̀. Bí méjèèjì bá lọ lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó mú ọ̀kan ló mú èkejì. Ohun tí wọ́n sì jọ ń lò lórí irú láptọ́ọ̀pù yẹn ni firmware, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, máa ń gbé sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń jí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ìlà tí ọmọ yẹn kọ ti dá wàhálà sílẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù Intel àtijọ́, ọ̀nà ohùn ṣe tààrà: dráífà `snd_hda_intel` ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Lórí èyí tó dé láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DSP ló ń darí ohùn, òun náà sì nílò firmware tirẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ jù ni Sound Open Firmware, SOF ní ìgékúrú, tí wọ́n kéde lábẹ́ Linux Foundation ní 2018. Maìkì tó wà lókè ojú láptọ́ọ̀pù, ara DSP yìí ni wọ́n so ó mọ́. Sípíkà àti ihò íàpíìsì wà lọ́nà àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá kọ `dsp_driver=1`, ẹ ti ní kí kernel fo DSP, kó gba ọ̀nà àtijọ́. Sípíkà á sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n maìkì ti há sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Fún ẹni tó ń wo fíìmù nìkan, kò burú. Fún ẹni tó ń fi ẹnu rẹ̀ jẹun, àìsàn la fi pààrọ̀ àìsàn.

Mo yọ ìlà náà kúrò, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Sípíkà padà yadi. Màmá ti dìde lórí àga.

"Ẹnjiníà, ṣé ìwọ náà tún wá bà á jẹ́ ni?"

"Rárá o, mà. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é ni."

`aplay -l` ní òun ò rí káàdì ohùn kankan. `lspci -nnk` ní ẹ̀rọ ohùn wà níbẹ̀ digbí, nítorí náà kì í ṣe pé nǹkan jóná. Mo wá pàṣẹ `sudo dmesg | grep -iE 'sof|firmware'`. Láàárín àwọn ìlà tó tú jáde, ọ̀kan wà tó sọ gbogbo rẹ̀: `Direct firmware load for intel/sof/sof-tgl.ri failed with error -2`. Nísàlẹ̀ rẹ̀, `iwlwifi`, tí í ṣe dráífà Wi-Fi, ń sun irú ẹkún kan náà, òun náà pẹ̀lú -2 tirẹ̀. Ní èdè kernel, -2 ni pé fáìlì tí mo wá ò sí níbẹ̀. Mo wo inú `/lib/firmware/intel`, kò sí fódà kankan tó ń jẹ́ `sof`.

Ta ló kó o? Mo ṣí `/etc/apt/sources.list`, fáìlì tó ń sọ ibi tí apt ti ń mú páákéèjì. Ìlà tó wà níbẹ̀ parí sí `bookworm main contrib non-free`. Ọmọ náà ti pa `bullseye`, orúkọ Debian 11, rẹ́, ó fi `bookworm`, orúkọ Debian 12, sí i, ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn Debian dìbò lórí ọ̀rọ̀ firmware, wọ́n sì gbà pé kó lè wà lórí díìsìkì tí a fi ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Debian 12 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2023, firmware ti kúrò ní `non-free`, ó ti ní yàrá tirẹ̀ tó ń jẹ́ `non-free-firmware`. Kọ̀ǹpútà Màmá ò mọ yàrá yẹn. `firmware-sof-signed` àti `firmware-iwlwifi` tó wà lórí rẹ̀ látijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apt ò rí orísun wọn mọ́. Nígbà tí `'~o'` dé, tó ń gbá àwọn aláìlórísun, ó gbá wọn mọ́ ìdọ̀tí.

Apt kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Debian 12, bí ẹ bá ṣe `apt update` tí ìlà yẹn ò bá tíì yí, ó máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé firmware ti kó lọ sí ibòmíràn. Lẹ́tà N ló máa ń ṣáájú ìkìlọ̀ náà, kì í ṣe E tó ń dẹ́rù bani. Mélòó nínú wa ló ń ka ohun tí N ṣáájú?

Mo fi `non-free-firmware` kún ìlà náà, mo ṣe `sudo apt update`, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú `sudo apt install firmware-sof-signed firmware-iwlwifi`. Mo pa kọ̀ǹpútà pátápátá, mo tún un tàn. Wi-Fi ló kọ́kọ́ jí. Mo ní kí Màmá sún mọ́ ọn, mo pàṣẹ `arecord -d 5 -f cd danwo.wav`, wọ́n kí gbogbo ilé "ẹ kú ìrọ̀lẹ́", mo fi `aplay danwo.wav` dá a padà fún wọn. Wọ́n ní ohùn àwọn kọ́ nìyẹn, àfi bíi ti ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà yẹn, mi ò kì í lẹ àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé mo mọ ibi tí ohùn ti dúró. Ohùn inú Linux ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé etí. Ẹ̀rọ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, firmware tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni dráífà inú kernel tí à ń pè ní ALSA. Lórí ALSA ni PipeWire wà, òun ló ń pín ohùn fún àwọn áàpù, WirePlumber sì ló ń pinnu ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹni tí omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ilé rẹ̀ kì í kọ́kọ́ tú ẹnu ẹ̀rọ. Orí táńkì ló máa ń gùn lọ, kó wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. `aplay -l` ni táńkì tèmi. Bó bá ka káàdì jáde, ìsàlẹ̀ ti yá, òkè ni kí n kọjú sí. Bó bá ní òun ò rí nǹkan kan, mi ò ní wulẹ̀ fọwọ́ kan PipeWire, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ pín.

Ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ìpolówó rédíò ní Mọ́kọ́lá yàtọ̀ sí ti Màmá. Ubuntu, irú Linux mìíràn, lòun ń lò; 22.04 ló ń gbé ga sí 24.04. Iná lọ láàárín iṣẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ò sì dúró. Nígbà tí iná padà dé, kọ̀ǹpútà tàn, kò kú, ṣùgbọ́n "Dummy Output" ló gbà á lálejò. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, `aplay -l` ka káàdì jáde láìṣe àṣìṣe kan. Mo kúrò nísàlẹ̀, mo gun òkè: `systemctl --user status pipewire pipewire-pulse wireplumber`. PipeWire ń ṣiṣẹ́. Ti WirePlumber, kò sí lórí kọ̀ǹpútà rárá. Iná ti lọ kí apt tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báyìí ni káàdì wà, tí apínhùn wà, tí kò sí ẹni tó ń so ọ̀kan mọ́ èkejì. `sudo dpkg --configure -a` parí àwọn tó kù ní ìdajì, `sudo apt -f install` tún èyí tó wọ́ ṣe, mo wá fi `wireplumber` àti `pipewire-pulse` sí i. Ó jáde, ó padà wọlé, ohùn ti dé.

Ẹ ṣàkíyèsí `--user` yẹn. Ètò ohùn jẹ́ ti ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti root, aláṣẹ pátápátá tí `sudo` ń sọ yín dà. Bí ẹ bá fi `sudo` ṣáájú àṣẹ náà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lẹ lọ béèrè, èsì tí kò kàn yín ni wọ́n á fún yín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó tibẹ̀ gbà pé PipeWire òun ti kú, tí wọ́n sì yọ ọ́ dànù nígbà tó wà láàyè.

Ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni ọ̀ràn ohùn pọ̀ báyìí ni pé a ti pààrọ̀ apínhùn. PulseAudio ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀. Fedora 8, tí òun náà jẹ́ irú Linux, gbà á ní 2007, Ubuntu 8.04 gbà á ní 2008, ojú àwọn tó ń lo Linux nígbà náà sì rí màbo. PipeWire tí Wim Taymans ti Red Hat bẹ̀rẹ̀ ló wá gba ipò rẹ̀: Fedora 34 ní oṣù kẹrin 2021, Ubuntu 22.10 ní oṣù kẹwàá 2022, Debian 12 tó ń lo ojú-iṣẹ́ GNOME ní 2023. Ẹni tó ń fò láti 22.04 sí 24.04 ò rí ìgbà tí wọ́n ń kó ilé; ó kàn jí lọ́jọ́ kan sínú ilé tuntun ni. Láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ pàṣẹ `pactl info`, kí ẹ wo ìlà `Server Name`. Bó bá kà pé `PulseAudio (on PipeWire` pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, PipeWire ló wà lórí oyè. Bó bá jẹ́ `pulseaudio` lásán lórí Ubuntu 24.04, ẹni àná ò tíì kúrò lórí àga, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa du káàdì kan ṣoṣo.

Àwọn tó rọrùn náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ní `alsamixer`, `MM` lábẹ́ òpó kan túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa á lẹ́nu. Lẹ́tà M ló ń ṣí i. F6 ló ń mú yín yan káàdì mìíràn, nítorí ó lè jẹ́ ti HDMI, ihò tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí prójẹ́kítọ̀, lẹ ń wò láti òwúrọ̀. Kọ̀ǹpútà ìjọ kan wà tí wọ́n gbé wá pé ó yadi, ó sì ń sọ̀rọ̀ fatafata sí prójẹ́kítọ̀ tí kò ní sípíkà. `wpctl status` fi ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ HDMI; `wpctl set-default` pẹ̀lú nọ́ńbà sípíkà ló parí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi MIDI ṣeré, kó ṣe `sudo fuser -v /dev/snd/*`, nítorí `timidity`, ètò tó ń kọ orin MIDI jáde, máa ń di káàdì mú láìjẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Bí WirePlumber bá sì ń rántí ètò àtijọ́ tí kò wúlò mọ́, fódà `~/.local/state/wireplumber` ni ìrántí rẹ̀ wà. Orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń yí padà, mi ò kì í pa á rẹ́, bóyá mo á tún nílò rẹ̀.

Debian 13 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2025, ó sì mú tirẹ̀ wá. WirePlumber inú rẹ̀ ti wọ ìpele 0.5, tí kò ka fáìlì ètò tí a fi Lua, èdè ìkọ̀wé-ètò kan, kọ mọ́. Kò sí ìkìlọ̀ tó máa bọ́ sójú yín. Ó kàn máa ń fojú fò wọ́n ni. Bí ohùn bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún, WirePlumber á jẹ́ kí káàdì sùn, kó lè dín iná kù. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, bó bá ń jí, ó máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn tó tẹ̀ lé e mì. Nínú orin, ẹ ò ní mọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ó burú jáì: Màmá á tẹ ohùn "ìgbá" kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí "igbá", ohun tí wọ́n á gbọ́ ní London ni "gbá". Lórí Debian 12 mo ti fi fáìlì Lua kan sí `~/.config/wireplumber/main.lua.d/` pé kí káàdì má sùn. Nígbà tí a gbé e ga sí 13, gbígbé mì yẹn padà. Ojútùú rẹ̀ ni kí a tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ lọ́nà tuntun sínú fáìlì tó parí sí `.conf` ní `~/.config/wireplumber/wireplumber.conf.d/`, lábẹ́ `monitor.alsa.rules`, pẹ̀lú `session.suspend-timeout-seconds = 0`.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbéga èyíkéyìí báyìí, mo máa ń kó èsì `aplay -l`, ti `pactl info` àti ti `apt list --installed | grep -i firmware` sínú fáìlì kan, mo á tún wo inú `/etc/modprobe.d/` bóyá ẹnì kan ti kọ nǹkan síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tó ti gbàgbé. Kernel àtijọ́ ni mi ò kì í yọ títí tuntun á fi fi ara rẹ̀ hàn. Bí ohùn bá lọ, mo á wọ "Advanced options" nínú GRUB, ojú ìwé yíyàn tó ń jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, mo á fi àtijọ́ jí i. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ kernel tàbí dráífà ni kí n máa lọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, mo á fi USB tí Linux mìíràn wà lórí rẹ̀ dán an wò, kí n lè mọ̀ bóyá sípíkà fúnra rẹ̀ ti kú. Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí àṣẹ tó ń wo òkú sípíkà sàn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, "kò dún" nìkan ò tó. Ẹ sọ ẹ̀dà tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti èyí tẹ́ ẹ lọ, ohun tí `aplay -l` sọ, àwọn ìlà tí `dmesg` kọ nípa `sof` tàbí `snd`, àti ohun mìíràn tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ yín lẹ́nu.